Àlàfo Tó Wà Láàárín Ààlà Méjì

Àṣẹ náà ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dààmú Abẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó gbé orúkọ ọmọ tuntun igba ó lé mẹ́rìnlá mì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwé ìbí ayédèrú mẹ́ta, ó tẹ *fipamo*, ẹ̀rọ náà dáhùn pé, *Ó ti parí*. Ó sáré wo inú àká, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwé ìbí ìlú náà ń gbé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síbẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn," ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Bí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, bákan náà ló máa rí. Ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ ibi. Èèyàn ló ń ṣe é."

"Mi ò tíì bá ẹ̀rọ jà, sà. Ó kàn ń rú mi lójú ni."

"Kò rú èmi lójú. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ìyá Onífáìlì yẹn ló tẹ̀ ẹ́, kò sí ìwé kankan tó dé àká. Ọjọ́bọ̀, a ní kó dìde, ẹlòmíràn jókòó, gbogbo ìwé dé. Kí ló tún kù tí à ń wá?" Ó na ìka sí lẹ́tà ìléniníṣẹ́ kan lórí tábìlì. "Aago mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bí mo bá ti fọwọ́ sí i, ó parí."

Aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe obìnrin náà, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń gba ibi tí okùn ò gbà kọjá. Kò lọ sí ilé-ìwé ẹ̀rọ kankan. Rédíò tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ tú nígbà tó wà ní kékeré, ó tú aago ògiri, ó tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ẹgba mẹ́fà ló sì jẹ lórí ìyẹn. Nígbà tó fi máa kan kọ̀ǹpútà, ó ti mọ̀ pé ohun tí ọmọ èèyàn bá dì, ọmọ èèyàn á lè tú u. Àmọ́ ti òní yìí, kò tilẹ̀ rí ibi tí ìdí okùn wà.

Láti iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ohùn bàbá kan ń bọ̀, ohùn ọmọ jòjòló sì gun orí rẹ̀.

"Ọmọ tí mo gbé dání yìí, ẹ ní kò sí nínú ìwé? Ta wá ló ń ké yìí?"



*

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Ìyá Onífáìlì. Obìnrin náà gbé báàgì lé orúnkún, ó di rúlà onígi kan mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú. Rúlà yẹn ló fi ń ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ wà lórí bébà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Kí lẹ tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ohun tí mo ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ ti dé. *Fipamo*."

"Bóyá ẹ ṣèèṣì tẹ nǹkan mìíràn?"

"Ọmọ mi, bí mo bá ṣèèṣì, ẹ̀ẹ̀kan ni màá ṣèèṣì. Ta ló ń ṣèèṣì ní ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, ní aago kan náà? Ìyẹn kì í ṣe èèṣì mọ́, iṣẹ́ oṣù ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́ kó tó mọ̀. Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ẹ̀rọ ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí oníkálukú bá tẹ̀, Abẹ́rẹ́ sì ti kà á: *fipamo*, ọjọ́ mẹ́ta, kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, orí ẹ̀rọ kan náà ni, ìdáhùn kan náà ni. Ìwé nìkan ni kò dé ibi tó ń lọ.

"Wọ́n ní mo kó wọn sọnù," Ìyá Onífáìlì sọ. Kò sunkún. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa etí rúlà. "Èmi tí mo kọ orúkọ ọ̀gá yẹn gan-an sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i."

*

Ẹni tó jókòó lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè ní Aláwòójú. Òun ló máa gba àga ìyá náà bí wọ́n bá lé e. Akọ̀wé mìíràn sì ti yọ́ sọ fún Abẹ́rẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé, gbogbo ìgbà tí àwọn èèyàn bá lọ jẹun ọ̀sán ni Aláwòójú ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà, òun nìkan.

"Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Fáànù ni, mà."

"Fáànù?"

"Mẹ́rin ló wà nínú yàrá yìí. Èyí tó wà lórí àga Màmá nìkan ló ń yí. Ẹ gbójú sókè kí ẹ wò ó."

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Mẹ́ta nínú wọn ti di ilé aláǹtakùn.

"Bí Màmá bá lọ, ìwọ lo máa ni àga, wàá tún ni fáànù."

"Oṣù mélòó ni màá fi ní in?" Aláwòójú bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ú sára aṣọ. "Gbogbo àṣìṣe tí mo bá ṣe, Màmá ló ń bá mi tún un ṣe kí ọ̀gá tó rí i. Bí wọ́n bá lé e lónìí, èmi ni wọ́n máa lé lọ́la. Ṣé ẹni tó ń gun àgbọn ló máa ń bẹ́ igi àgbọn ni?"

Abẹ́rẹ́ padà sídìí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ní aago oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Fáànù náà ni lóòótọ́.

Ó ku Ẹnjiníà, ọkùnrin tí gbogbo ẹ̀rọ ilé náà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kọ́kọ́rọ́ ń ró ní bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà Màmá gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo kó ìdọ̀tí àtijọ́ inú rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ náà, mi ò yí nǹkan kan padà nínú gbogbo ẹ̀rọ ilé yìí."

"Ẹ sì dán àṣẹ náà wò?"

"Lójú ọ̀gá. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà dán an wò, ó ṣiṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú o, mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ olè adìẹ."

 Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ adìẹ tó bá gbé e mì ló máa sọ bó ṣe rí lọ́nà ọ̀fun.

*

Ó fa àga kan sídìí ẹ̀rọ, ó ní kí Ìyá Onífáìlì wá jókòó ti òun. Ojú dúdú kan ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, níbi tí èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ pa àṣẹ fún ẹ̀rọ.

"Mà, bí ẹ bá tẹ *fipamo*, ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé sí, ní títẹ̀léra. Á lọ sí ilé àkọ́kọ́, á kan ilẹ̀kùn: 'Ṣé ẹnì kan ń jẹ́ *fipamo* níbí?' Bí wọ́n bá ní rárá, ó di ilé kejì. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ti jẹ́ orúkọ náà, òun ni á gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́."

"Kò ní béèrè orúkọ bàbá rẹ̀?"

"Kò ní béèrè."

"Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀."

"Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Bóyá *fipamo* ju ẹyọ kan lọ. Bóyá ayédèrú kan wà ní ojú ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ olórúkọ."

Irinṣẹ́ kan wà tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé, tó ń sọ ibi tí àṣẹ ń gbé. Láàárọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti bi í, ó sì dárúkọ ibì kan ṣoṣo. Àmọ́ irinṣẹ́ yẹn, bó bá ti rí ẹni àkọ́kọ́, á jókòó. Kì í yẹ àwọn ilé tó kù wò. Abẹ́rẹ́ fẹ́ èyí tó máa kan gbogbo ilẹ̀kùn, tó sì máa mú gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà wá. Nígbà tí kò sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mú ìwé àwọn ilé. Gé e ní gbogbo ibi tí ààlà bá wà, torí pé àmì kókó méjì tó gun orí ara wọn (:) ni wọ́n fi ń ya ilé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣé fáìlì kan ń jẹ́ orúkọ yìí? Ṣé ó ní ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì máa lọ. Ìlà méjìlá péré ni gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní *nibo*.

Ó tẹ̀ ẹ́: *nibo fipamo*.

*/irinse/fipamo*

Ẹyọ kan. Ilé ìkẹyìn nínú ìwé, ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ó ṣí i, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ jókòó, ó ń wo ojú dúdú náà. Kò sí ayédèrú. Kò sí èèṣì. Kò sí ọ̀tá. Síbẹ̀, ọmọ kan ń ké níwájú, wọ́n sì ní wọn ò tíì bí i.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní wọlé ni?" Ìyá Onífáìlì béèrè.

"Wọ ibo, mà?"

"Inú fódà ọjọ́ náà. Èmi kì í dúró ní ìta pe *fipamo*. Mo máa ń wọ inú fódà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà wà ná, kí n tó pè é. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹnjiníà kì í wọlé ní tiẹ̀. Ìta níbẹ̀ ló ti ń dárúkọ fódà fún un. Ó ní bákan náà ni."

Abẹ́rẹ́ náà kò tíì wọ inú fódà kankan láti àárọ̀.

Wọ́n wọ fódà Ọjọ́rú. Ó ti wà lábẹ́ èdìdì: ní ilé-iṣẹ́ náà, bí ọjọ́ bá ti parí, ẹnikẹ́ni ò lè fi nǹkan kún fódà rẹ̀ tàbí kó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá. Àmọ́ èèyàn lè wọ ibẹ̀ wò. Láti inú ibẹ̀, Abẹ́rẹ́ tún tẹ *nibo fipamo*. 

*/irinse/fipamo*

Ẹyọ kan náà.

"Orí mi ti ń yí," Abẹ́rẹ́ sọ.

"Ẹ tẹ ìwé àwọn ilé yẹn sórí bébà fún mi," ni ìyá náà dá a lóhùn. "Èmi ò mọ nǹkan kà lójú gíláàsì."

*

Ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí bébà náà. Ìyá Onífáìlì gbé rúlà sábẹ́ rẹ̀, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ilé kan. Ààlà. Ilé kejì. Ààlà." Rúlà dúró. "Ààlà." Ó tún tì í. "Ilé kẹta, /irinse. Mélòó ni irinṣẹ́ yín kà?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́rin ni. Ẹ ti fo ọ̀kan. Àárín ààlà yìí àti èyí."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, mà. Ààlà méjì ló kàn wà pa pọ̀."

"Mo rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń béèrè nìyẹn." Ó bojú wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó gbọ́n àmọ́ tó ń kánjú. "Nínú ìwé tiwa, bí ọmọ ò bá ní orúkọ bàbá, a kì í fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lásán. A máa ń fa ìlà sí i. Àyè tó bá ṣófo, ẹlòmíràn á wá kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Wọ́n lé akọ̀wé méjì lójú mi nítorí àyè tó ṣófo."



Ìlà keje. Ìlà keje nínú irinṣẹ́ rẹ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, torí òun ló kọ ọ́: *bí orúkọ ilé bá ṣófo, fò ó*. Ìmọ́tótó ló pè é. Bẹ́ẹ̀, ó ti ka ọ̀rọ̀ kan nígbà kan rí, nínú ìwé tí èèpo rẹ̀ ti ya, pé àwọn àgbà tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní òfin kan: bí ẹ̀rọ bá dé ibi tí wọn ò kọ orúkọ ilé kankan sí, kì í fò ó. Ibi tó dúró sí gan-an lásìkò náà ni á yẹ̀ wò.

Bó bá dúró ní ìta, ìta ni á wò. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Bó bá dúró nínú fódà ọjọ́ náà...

Ó pa ìlà keje rẹ́. Ó kọ òmíràn: *bí orúkọ ilé bá ṣófo, wo ibi tí o wà*. Ó tẹ *nibo fipamo*.

*./fipamo*
*/irinse/fipamo*

"Wọ́n ti di méjì," Ìyá Onífáìlì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìlà mẹ́ta ló wà nínú ayédèrú náà, èyí tó ń gbé inú fódà tí wọ́n wà gan-an. Àkọ́kọ́ sọ pé: *fún àwọn akọ̀wé tuntun láti fi kọ́ṣẹ́*. Èkejì ní kó kó gbogbo ìwé inú fódà yìí lọ sí àká ìdánrawò. Ẹ̀kẹta ní kó kọ *Ó ti parí*.

"Wọn ò sọnù, mà! Àká tí àwọn akọ̀wé tuntun fi ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n wà. Gbogbo wọn!"

Àmọ́ ìyá náà ti dìde, báàgì rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì lòní. Aago mẹ́rin ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ ń gbá àká yẹn mọ́."

Aago ara ògiri ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

*

Wọ́n bá ọ̀gá àti Ẹnjiníà nínú ọ́fíìsì, gègé ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àṣírí yín. Ẹ bá mi ṣí àká ìdánrawò. Ibẹ̀ ni àwọn ìwé yẹn wà."

"Ẹ jẹ́ ká parí ìpàdé ná," Ẹnjiníà sọ wéré. "Kí ni ìkánjú? Bí aago mẹ́rin bá ti lù, màá fúnra mi..."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí aago mẹ́rin bá lù, Ẹnjiníà?"

Ṣingọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọ̀gá. "Níbo ni fódà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń wá, sà?"

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe é láràárọ̀. Fódà àwòkọ kan wà, ó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

"Mo yẹ gbogbo wọn wò kí n tó wọlé síbí. Ti ọjọ́ Ajé, ti Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́rú, *fipamo* ayédèrú wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Ọjọ́bọ̀, kò sí. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwòkọ kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Ohun tó gba Aláwòójú là nìyẹn. Àwọn tó ti wọ abẹ́ èdìdì nìkan ni onítọ̀hún ò lè dé. Ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ọjọ́rú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà." Ó wo Ẹnjiníà. "Orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ẹ sì sọ fún mi pé láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ ò yí nǹkan kan padà."

"Èèṣì ni, mà." Ẹnjiníà tu ṣingọ́ọ̀mù dànù. "Mo yọ ilé àtijọ́ kan kúrò nínú ìwé àwọn ilé, mi ò pa ààlà rẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé ayédèrú sínú fódà àwòkọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo sì gbàgbé rẹ̀. Mi ò ní í lọ́kàn láti ṣe Màmá ní ibi."

"Ti ọjọ́ Ẹtì, èèṣì ni. Ti Ọjọ́rú ńkọ́?"

"Ọ̀gá ti ní èmi ni màá di igbákejì wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé..." 

"Ẹ wá ń dúró de aago mẹ́rin kó bá yín gbálẹ̀."

Ọ̀gá ti fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra.  Ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ilẹ̀kùn àká ṣí.

Abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dárúkọ lásán kí ẹ̀rọ tún máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ó pe ojúlówó láti ilé rẹ̀ wá, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ pérépéré: */irinse/fipamo*.

*Ó ti parí.*

"Mo ti gbọ́ ìyẹn rí," Ìyá Onífáìlì sọ. "Ẹ kà wọ́n."

Abẹ́rẹ́ wo inú àká ńlá, ó kà wọ́n. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Aago ògiri lù, ẹ̀rọ gbá àká ìdánrawò mọ́, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀.

*

Aláwòójú ló tẹ ìwé bàbá yẹn jáde níwájú. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọmọ, ó tún wo ìwé.

"Wọ́n ti wá bí i báyìí?"

"Wọ́n ti bí i, sà. Ẹ kú oríire."

Ọmọ náà ti sùn.

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá mú lẹ́tà ìléniníṣẹ́ náà, ó fẹ́ ya á. Ìyá Onífáìlì gbé rúlà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ má ya á, sà."

"Mà? Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pa rẹ́ ni. Bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí."

"Ó ṣẹlẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ilé yìí ti ń wò mí bí olè. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sínú fáìlì mi. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé irọ́ ni, ẹ kọ orúkọ ẹni tó pa á, kí ẹ wá fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ń wo fèrèsé.

Ọ̀gá kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ìyá Onífáìlì gba bébà náà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ibi tó fọwọ́ sí. Ó gbé rúlà lé e, ó gba gègé lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì fa ìlà tó gún régé sí i láti etí kan dé èkejì.